Ẹlẹ́rìí Abẹ́ Pẹrẹgún

"Ẹlẹ́rìí tí a hú kúrò láyè rẹ̀, odi ló ń yà." Ní Òkìtì-Ọ̀pẹ àti àwọn abúlé tó yí i ká, ẹnu àgbàlagbà kì í jìnnà sí òwe yìí. Ẹ̀yin tó ń kà á, ṣé ẹ ti bi ara yín rí bí ẹlẹ́rìí ṣe ń dé inú ilẹ̀, tí a óò fi máa hú u? Ẹnu lèèyàn fi ń jẹ́rìí, orí ilẹ̀ ló sì ń dúró sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pa òwe náà lóde òní rò pé ilé ẹjọ́ ló ti wá, pé ó ń bá ẹni tí wọ́n fi owó dí lẹ́nu wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú oko ni wọ́n ti hú u, ọwọ́ ọkùnrin kan tí kò ní ibi kankan lọ́kàn ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ògúnníran ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Níran ni gbogbo ayé ń pè é. Rédíò ló ń tún ṣe ní ẹ̀bá ọjà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé rédíò tó bàjẹ́ wá, kì í kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ṣe é. Ó máa ń tú u, á wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ yá, kó tó wá wo ibi tó ti ń ṣàìsàn. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Morónmúbọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá yìí ti di opó tipẹ́, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn igi obì mélòó kan tó wà létí odò Àwẹ̀rẹ̀ ló sì fi ń jẹ, òun ló fi ń ra aṣọ. Lára obì náà ló ti rán Níran lọ sí ilé ìwé.

Ìbátan wọn kan tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló gbé ẹ̀rọ awárin wá fún Níran. Ọ̀pá gígùn ni, tí a so àwo pẹrẹsẹ kan mọ́ nísàlẹ̀. Nínú àwo náà ni wáyà bàbà wà, tí wọ́n ká jọ bí òṣùká. Níran kò simi títí ó fi mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Bátìrì ló ń rán iná sínú wáyà, iná náà á sì rán agbára kan tí ojú kò rí wọ inú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin tàbí idẹ tàbí fàdákà, ohun tó kàn á dá a lóhùn, ìdáhùn náà á sì di igbe nínú íàpíìsì tí Níran kì bọ etí.

Ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá bi í pé, "Bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ni. Mo ń kàn án lọ ni, ẹni tó bá wà nílé á dáhùn."

Láìpẹ́ ó ti ń dá ohùn wọn mọ̀. Irin tó ti dípẹtà a máa ké bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ti bàbà a máa mọ́ díẹ̀. Ṣílè fàdákà a máa dún gooro bí agogo.

Àwọn oko àtijọ́ ló ń gbé ẹ̀rọ náà lọ, níbi tí èèyàn ti gbé nígbà ìjọba òyìnbó, tí igbó ti wá bò mọ́lẹ̀: ahoro ọjà, ìdí odi ilé tó ti wó, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn akódà ń tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lọ gba owó orí. Ó rí ọ̀níní tó ní ihò láàárín. Ó rí tọ́rọ́, ó rí sísì, ó rí ṣílè tó ní orí ọba òyìnbó, ó sì rí bọ́tìnnì idẹ tó já lára ẹ̀wù akódà kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tó ń gbà hú wọn ló wá jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Yóò fi ṣọ́bìrì kékeré gé koríko yíká, á ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìdérí ìkòkò, á mú ohun tó wà nísàlẹ̀, á da erùpẹ̀ padà, á dá koríko padà sáyè rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí òjò kan bá rọ̀ sí i, ẹni tó ni oko gan-an kò ní mọ ibi tí wọ́n gbẹ́. Wọ́n ní, "Níran kì í ṣe òkété, kì í ba ilẹ̀ ẹni jẹ́."

Ó kan àpótí onígíláàsì kan sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tò wọ́n síbẹ̀. Àwọn èèyàn a sì máa wá wò ó, pàápàá àwọn obìnrin tó bá ti tajà tán.

Ọ̀kan nínú wọn, Ìyá Ẹlẹ́pà, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Níran, gbé ẹ̀rọ rẹ dé ilé mi, kó bá mi wá ọkọ mi. Láti àná ló ti jáde."

"Irin nìkan ló ń rí, ìyá. Ṣé irin ni ọkọ yín ni?"

"Orí rẹ̀ le ju irin lọ. Gbé e wá, á ké!"

Níran rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó dùn jù láyé rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, iná sun pápá létí odò Àwẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ gbayawu. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ni, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Morónmúbọ̀ tí ìbá bi í ní ohun tó ń wá lọ ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní ìlú mìíràn. Níran gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tọ ẹ̀bá ilẹ̀ náà lọ, ní ìkọjá àwọn igi obì, àfi bí ohùn ṣe bú jáde lẹ́sẹ̀ kùkùté pẹrẹgún kan tí iná ti jó kanlẹ̀. Ohùn méjì ni, ọ̀kan ń wúkọ́, èkejì ń dún wẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ àtijọ́ kan tó ti jẹ kù díẹ̀ ló kọ́kọ́ bá, ọ̀níní sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí a fi wáyà so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn ló ti bá èédú àti èèpo ẹ̀kùrọ́, tó pọ̀ díẹ̀. Èédú kì í ké, ẹ̀kùrọ́ kì í ké. Níran fọwọ́ gbá wọn dànù.

Ó jókòó, ó rò ó. Ó ní ẹnì kan ló fi owó pamọ́ nígbà náà, ẹni tó bá sì gbọ́n kì í fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sójú kan. Ó dìde, ó ń bá a lọ. Nígbà tó dé iwájú, ẹ̀rọ tún ké. Ọkọ́ tó ti jẹ, ọ̀níní lórí wáyà, èédú, èèpo ẹ̀kùrọ́. Ó tún lọ síwájú, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tò lórí ìlà kan tó gún bí okùn tí a nà. Ẹni tó máa ń bèèrè bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni Níran, èyí sì ni ìbéèrè tó yẹ kó bèèrè ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí ló dé tí owó tí wọ́n fi pamọ́ fi tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í bi nǹkan léèrè. Ó hú gbogbo wọn tán. Nítorí pé ilẹ̀ baba rẹ̀ ni, ó fara balẹ̀ dí àwọn ihò náà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ.

Nígbà tó délé, ó rẹ àwọn ọ̀níní náà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi eérú bó wọn títí wọ́n fi ń dán. Ó sọ ìyókù ọkọ́ wọ̀nyẹn sínú ìdọ̀tí irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ra àlòkù irin sì kó wọn lọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn tó yá ilẹ̀ náà dáko kọ ebè bo gbogbo rẹ̀, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n ní ìjọba fẹ́ la títì gba ẹ̀yìn odò. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wo ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a ń fi okùn wọ̀n. Ládìpúpọ̀ ni olórí ìdílé tó bá wọn pààlà níbẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un pé àwọn ló ni ilẹ̀ kọjá àwọn igi obì, pé wọ́n kàn fi igi náà sílẹ̀ fún Morónmúbọ̀ ni nítorí pé opó ni. Ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Nígbà tó rí i pé iná ti jó pẹrẹgún àtijọ́ tó jẹ́ àmì ààlà, ó gbin tuntun síbi tí bàbá rẹ̀ sọ. Gbogbo igi obì náà bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ìbínú ni Níran fi ránṣẹ́ pe Morónmúbọ̀ ìyá rẹ̀ wálé. Ìyá náà dé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi oríkì pe Níran.

"Àlàó, kí ló ń bí ọ nínú? Ẹni tó ní ẹlẹ́rìí kì í pariwo. Lọ pe Baálẹ̀. Kí o sì ní kí Ládìpúpọ̀ mú ọkọ́ rẹ̀ dání. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kó gbẹ́ ẹ."

Wọ́n pé sí oko ní àárọ̀, Baálẹ̀, Ládìpúpọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀, Níran àti ìyá rẹ̀. Ìyá kọjá igi obì rẹ̀ ìkẹyìn, ó rìn síwájú díẹ̀, ó wo odò, ó wo àpáta tó wà lókè, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ láàárín ebè.

Ó ní, "Níbí ni. Ládìpúpọ̀, nígbà tí bàbá mi àti bàbá rẹ pín ilẹ̀ yìí, òyìnbó ló ń ṣèjọba, èmi sì kéré. Wọ́n ní pẹrẹgún ń kú, iná ń jó o, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn lè hú u lọ gbìn síwájú. Ni wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n da èédú àti èèpo ẹ̀kùrọ́ sí i, torí pé ilẹ̀ kì í tètè jẹ wọ́n. Bàbá mi fi ọkọ́ tirẹ̀ tó ti jẹ sí i, bàbá tìrẹ fi ọ̀níní tó so mọ́ wáyà. Wọ́n ní ìwọ̀nyí lẹlẹ́rìí àwọn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà. Wọ́n ń fún mi ní àádùn jẹ níbi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti rì í, kí n má baà gbàgbé. N kò sì gbàgbé. Gbẹ́ ẹ."

Etí Níran gbọ́ ọkọ́, ó gbọ́ ọ̀níní, ó gbọ́ wáyà. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Dákẹ́, Àlàó. Jẹ́ kí ọkọ́ sọ̀rọ̀."

Ládìpúpọ̀ gbẹ́ ẹ. Erùpẹ̀ ni. Ó gbẹ́ ẹ sọ́tùn-ún, ó gbẹ́ ẹ sósì, erùpẹ̀ náà ni. Ìyá ní kó gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ó tún wo odò, ó tún wo àpáta, ó ní kó gbẹ́ ẹ jìn sí i. Níran kò lè wò ó mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ebè.

"Ìyá mi, èmi ni. Èmi ni mo hú wọn. N kò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí ni. Mo rò pé owó tí wọ́n fi pamọ́ ni."

Níran dìde, ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó kó àwọn ọ̀níní náà dé, ó sì tẹ́ wọn sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀. Oòrùn tàn sí wọn, wọ́n ń kọ mànà bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ládìpúpọ̀ mú ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. "Irú èyí wà nínú igbá ìyá mi nílé. Ibo lo ti hú u?"

"Níbí yìí gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí ẹ dúró sí."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí o hú u?"

"Èmi nìkan ni."

"Ihò rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo dí i."

"O dí i." Ládìpúpọ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ara rẹ̀ kò tilẹ̀ yá mọ́. "Níran, bí ọkọ́ mi bá kan irin yẹn nínú ilẹ̀ lónìí, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá fa pẹrẹgún mi tu, ǹ bá sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ṣùgbọ́n o fẹ́ kí n fi ohun tó ti inú àpótí gíláàsì rẹ wá sọ pé irọ́ ni bàbá mi pa. Bí ìwọ bá jẹ́ èmi, ṣé wàá gbà?"

Níran ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá èédú náà, torí pé èédú kì í jẹrà. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi kan ilẹ̀ kiri. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ gbári. Kò mọ ohùn èédú. Wọ́n fi ọkọ́ wá a. Èédú wà níbi gbogbo lóòótọ́, èyí tí iná pápá fi sílẹ̀, tí àwọn tó kọ ebè sì ti rò pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ láti ìhín dé ọ̀hún. Ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ ti àwọn baba nínú wọn?

Baálẹ̀ mú okùn ọ̀níní kan nílẹ̀, ó gbé e sí etí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ó dán, ó sì lẹ́wà. Àmọ́ kò lè sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún mi. Níran, mo gbà ọ́ gbọ́. Ìyá, mo gba ẹ̀yin náà gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìgbàgbọ́ mi pààlà fún ẹni méjì tí bàbá kálukú wọn ti bá sọ̀rọ̀. Pẹrẹgún tó dúró ni a óò tẹ̀ lé, àfi bí ẹ bá tún rí ẹlẹ́rìí."

Bí igi obì ṣe lọ nìyẹn.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, Morónmúbọ̀ jókòó sórí ebè kan, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn igi náà. Níran kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Mo rò pé bí ẹ̀rí bá ti wà lọ́wọ́ wa, kò tíì sọnù," ni Níran wí.

"Ó wà lọ́wọ́ wa, Àlàó. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí a hú kúrò láyè rẹ̀, odi ló ń yà." Ó fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. "Dìde. Ẹ̀bi tìrẹ nìkan kọ́. Èmi ló yẹ kí n ti mú ọ dé ibí kí n sì fi hàn ọ́. Mo ní ó dìgbà tó bá kù díẹ̀ kí n kú. Mo ń pa á mọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà hú u. Ẹni tí mo ń pa á mọ́ fún ló wá hú u."

Níran ló ń bọ́ ọ láti ọjọ́ náà lọ, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun wọ́n ọn. Nígbà tí obì so, Ládìpúpọ̀ bu agbọ̀n kan ránṣẹ́ sí ìyá. Ìyá gbà á, ó sì dúpẹ́ bí àlejò ṣe ń dúpẹ́. Kò tún gba ọ̀nà odò mọ́ títí ó fi kú. Ní ti àwọn ọ̀níní, Níran kó wọn kúrò nínú àpótí. Ó gbèrò láti dá wọn padà sínú ilẹ̀, ó tilẹ̀ gbé ṣọ́bìrì dání dé etí oko lọ́jọ́ kan, kó tó wá rí i pé kò sí ibi tí òun lè rì wọ́n sí mọ́ tí wọn kò ní di ẹlẹ́rìí èké. Ó gbé wọn padà sílé.

Báyìí ni òwe náà ṣe bọ́ sẹ́nu ará ìlú. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá fi ìwàǹwára tú ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò níbi tó wà: ẹni tó palẹ̀ ilé mọ́ kí ẹbí tó dé wo ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó gé ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu òkú tó sì ń gbé e kiri láìsọ ohun tí wọ́n ń bá bọ̀ kí òkú tó sọ ọ́, ẹni tó tú ẹrù bàbá rẹ̀ tó ti kú palẹ̀ kí ó tó bèèrè ìdí tí bàbá fi dì í bẹ́ẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń pa á. Ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n pa á fún olè, torí pé olè mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ràn nǹkan náà ni wọ́n ń pa á fún, tí ìfẹ́ sì mú kó gbé e kúrò níbi tó ti ń sọ̀rọ̀.